Àwo Méjì Tó Jà, Àwo Kẹta Tó Wọlé Wa

Ní ọjọ́ 19 oṣù Èrèlé ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Toshiba kéde ní Tokyo pé òun kò ní ṣe ẹ̀rọ HD DVD mọ́. Bí ìjà tó wà láàárín HD DVD àti Blu-ray ṣe parí nìyẹn, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì tí àwo méjèèjì ti jọ wà lórí àtẹ. Ní Tokpota níhìn-ín, ọjọ́ náà lọ bí ọjọ́ mìíràn. Bí ilé kan ládùúgbò wa bá wo fíìmù ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, àfàìmọ̀ ni kò jẹ́ fíìmù Yorùbá tó ti Èkó wá, lórí àwo VCD tí wọ́n rà lọ́jà Ouando, tí wọ́n fi ọ̀rá wé.

Ẹ̀kọ́ físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí a bá dé orí ìmọ́lẹ̀, mo máa ń mú àwo àtijọ́ kan lọ sí kíláàsì, kí wọ́n lè rí bó ṣe ń pín ìtànṣán oòrùn sí àwọ̀ bí òṣùmàrè. Ní ọdún kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè ohun tí Blu-ray jẹ́, nítorí ó rí orúkọ náà lára kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ láti ilẹ̀ Faransé. Mo sọ fún un pé àmì kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n fi ń kọ àwòrán àti ohùn sára àwo, ìmọ́lẹ̀ lésà ló sì ń kà wọ́n. Ìmọ́lẹ̀ ti DVD pupa ni, gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 650 nánómítà. Ti HD DVD àti ti Blu-ray jẹ́ búlúù tó fẹ́ jọ àlùkò, 405 nánómítà péré. Ẹni tó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá á rí àyè fún ọnà púpọ̀ ju ẹni tó fi abẹ́rẹ́ ńlá ṣe é lọ. Nítorí náà ni ìpele kan DVD ṣe gba gígábáìtì 4.7, tí ti HD DVD gba 15, tí ti Blu-ray sì gba 25.

Ó tún béèrè pé, bí ìmọ́lẹ̀ wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ni wọ́n wá ń jà sí? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Toshiba àti NEC fẹ́ kí àwo tuntun jọ DVD débi pé ilé-iṣẹ́ tó ti ń tẹ DVD lè tẹ̀ ẹ́ láìná owó púpọ̀. Sony, Panasonic, Philips àti àwọn alájọṣe wọn gbé àmì náà sún mọ́ ojú àwo, kí ó lè gbà púpọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ tuntun ni wọn yóò fi máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n lọ ń wá àwọn oníṣẹ́ fíìmù sọ́dọ̀. Universal wà pẹ̀lú HD DVD, Disney àti Fox wà pẹ̀lú Blu-ray, Warner ń ta méjèèjì. Ní oṣù Bélú ọdún 2006, Sony fi ẹ̀rọ Blu-ray sínú PlayStation 3, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé ra ẹ̀rọ fíìmù náà nígbà tí wọ́n ń ra ohun ìṣeré fún ọmọ. Nígbà tí Warner kéde ní ọjọ́ 4 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2008 pé Blu-ray nìkan ni òun yóò máa tà, Toshiba kò lò tó oṣù méjì kó tó kógbá wọlé.

Sony ti fara gbá irú rẹ̀ rí. Betamax tó gbé jáde ní 1975 ni VHS ti JVC, tó jáde ní 1976, lé kúrò lọ́jà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé àwòrán Betamax ló mọ́ jù, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ kò gbà ju wákàtí kan lọ, ti VHS gba méjì.

Àwa náà ti ní ìjà tiwa ṣáájú, bí kò tilẹ̀ sí ìwé ìròyìn tó kà á sí. Nígbà tí wọ́n ń dá iṣẹ́ amóhùnmáwòrán aláwọ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa, SECAM ti Faransé ni ìjọba wa mú. Nàìjíríà mú PAL, tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tí Gẹ̀ẹ́sì náà ń lò. Ẹnubodè Ìgòlò kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, aṣọ, epo àti ẹ̀kọ́ ń gbà á kọjá láràárọ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ kò lè gbà á kọjá. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ ní Èkó, bí a bá fi sínú ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ju SECAM lọ, á sọ̀rọ̀ ketekete, àwòrán rẹ̀ á sì di dúdú àti funfun.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ní. Nígbà tí Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999 dé ọ̀dọ̀ wa, láìní àwọ̀ ni a fi wò ó. Ìyá kan tó ń ná ọjà Èkó wà ní ilé kejì, tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ láti òdì-kejì ni ó ti rà á. Àwọn ọmọ rẹ̀ á máa sọ àwọ̀ aṣọ tí ìjòyè kọ̀ọ̀kan wọ̀ fún wa, àwa á sì máa jiyàn pé irọ́ ni wọ́n ń pa, nítorí pé ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Èmi kò kà á sí ìyà. Ègùn ni mò ń gbọ́ ní òde, Faransé ni ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́, Yorùbá tó kù fún inú ilé kò ju kí a ránni níṣẹ́ kí a sì báni wí lọ. Ẹnu àwọn òṣèré ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ bí ìjòyè ṣe ń bá ọba sọ̀rọ̀, bí onílù ṣe ń fi ìlù bú ènìyàn, bí àgbà ṣe ń pa òwe tí kò ní parí rẹ̀ nítorí ẹni tó ń gbọ́ mọ ìparí. Dúdú àti funfun kò dí ìyẹn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ọdún 2000 ni àwo bẹ̀rẹ̀ sí í lé kásẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe DVD ló kọ́kọ́ dé, VCD ni. Ọdún 1993 ni Philips, Sony, Matsushita àti JVC fẹnu kò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kò fi bẹ́ẹ̀ yà sí i. Ilẹ̀ Éṣíà ló gbà á mọ́ra, Ṣáínà pàápàá, láti ọ̀dọ̀ wọn sì ni ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó ń kà á ti wá. Bí a bá fi ojú onímọ̀ ẹ̀rọ wò ó, kò sí ohun tí a lè fi VCD yangàn. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ ju ti VHS lọ, àwo kan kò sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ. Fíìmù wákàtí méjì ní láti gun àwo méjì. A mọ ìdílé tí a yá ní àwo kejì, tí kò dá a padà títí wọ́n fi kó kúrò ní Tokpota. Di òní yìí, n kò mọ̀ bóyá ìyàwó inú fíìmù náà padà rí ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀ VCD ló borí, nítorí kò wọ́n, kò gba kí a máa ká a padà, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kọ̀ǹpútà tó ń kọ àwo lè da á kọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìgbà tí DVD dé ni mo rí ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín títí di ìsinsìnyí. Ní Japan, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń sanra wọn nílẹ̀ láti rí àyè púpọ̀ sí i lórí àwo, kí àwòrán lè mọ́ kedere. Ní ọjà tiwa, kò sẹ́ni tó fi àyè yẹn wá kedere. Bí a bá fi àwòrán tó rí bíi ti VCD kún DVD, ìṣirò rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní wákàtí méje. Bí wọ́n bá tún fún un pọ̀ sí i, á gba púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kíá ni àwo tí wọ́n kọ ogún fíìmù sí lára gba ọjà kan. Ìtumọ̀ àyè fún oníṣòwò ni pé kí ènìyàn fi owó fíìmù kan ra ogún. Mo gbà pé àwọn oníbàárà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìyá tó ní tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, tí iná sì lè lọ nígbàkígbà, kí ni yóò fi àwòrán kedere ṣe?

Ẹni tó jẹ gbèsè ibẹ̀ ni àwọn tó ṣe fíìmù. Túndé Kèlání ti sọ̀rọ̀ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà nípa àdánù tí olè àdàkọ kó bá òun, kò sì ṣàsọdùn. N kò ní gbè sẹ́yìn olè. Ṣùgbọ́n n kò ní ṣèké pẹ̀lú: bí ó bá jẹ́ àwo tí olówó rẹ̀ fọwọ́ sí nìkan ló ń kọjá Ìgòlò, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi ní Àjàṣẹ́ ni ìbá má gbọ́ ju Yorùbá ìránníṣẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jóòótọ́, wọn kò sì bára wọn rẹ́.

Ti Blu-ray wá ńkọ́? Àwọn tó ṣe DVD ti pín ayé sí agbègbè-agbègbè. Faransé wà ní agbègbè 2, Benin àti Nàìjíríà wà ní 5, tó fi jẹ́ pé àwo tí ẹ̀gbọ́n ẹni rà ní Paris kò yẹ kó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ láti Ṣáínà kò ka òfin yẹn sí. Ohun tí a bá fi sí i lẹ́nu ló ń kà. Blu-ray fi Áfíríkà àti Yúróòpù sí agbègbè kan ṣoṣo, tí wọ́n pè ní B. A wá bá Faransé jókòó lórí ẹní kan náà, àmọ́ ẹni tó máa tẹ́ ẹ kò dé Tokpota. Ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, ó fẹ́ tẹlifíṣọ̀n tuntun, èmi kò sì rí fíìmù Yorùbá kan lórí rẹ̀ ní Ouando rí. Kí owó rẹ̀ tó wálẹ̀, fóònù ti dé, àti USB tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní «clé». Wọ́n ń da fíìmù kọ fún ara wọn báyìí láìfọwọ́ kan àwo rárá.

Kásẹ́ẹ̀tì àti àwo kò tíì tán nílé wa o. Ilé-iṣẹ́ Funai ní Japan, tó kẹ́yìn gbogbo àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ dúró ní oṣù Agẹmọ ọdún 2016. Sony tó borí nínú ìjà, òun náà dáwọ́ ṣíṣe àwo Blu-ray tí ènìyàn lè fúnra rẹ̀ kọ nǹkan sí dúró ní oṣù Èrèlé ọdún 2025. A lè tún rí fíìmù tí wọ́n tà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà níbìkan. Ohun tó ń já mi láyà ni àwọn tí kò ní ju ẹ̀dà mẹ́ta tàbí mẹ́rin: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àgbà, tí ayàwòrán àdúgbò kọ sórí àwo pẹlẹbẹ, tí ó fi gègé kọ orúkọ ìdílé sí lẹ́yìn. Oje àwọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń jó láti fi kọ irú àwo bẹ́ẹ̀, oòrùn àti ooru sì ń pa á rẹ́. Ti VCD tún burú jù, nítorí àwọn tó ṣètò rẹ̀ yọ apá kan ohun tó ń tún àṣìṣe kíkà ṣe kúrò, kí àwòrán lè rí àyè. Ìlà kékeré kan lójú rẹ̀ tó láti dá ìtàn dúró.

Láti ọdún tó kọjá, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje ń da irú àwo bẹ́ẹ̀ kọ sórí kọ̀ǹpútà ní ọ̀sán Sátidé. Ẹ̀rọ ìkàwo mẹ́ta la ní, a sì ń tọ́jú ohun tí a bá rí sí ibi ìpamọ́ méjì tí kò sí nínú ilé kan náà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má fi ìnujú nù ún ní yípo-yípo. Láti àárín lọ sí etí ni kí ẹ nù ún, kí ẹ sì gbé e wá.

Tèmi wà lára wọn. Ní ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní 2004, ìyá bàbá mi fi oríkì ìdílé wa kí ìyàwó kó tó kúrò nílé. Ìyá àgbà kú ní 2011, kò sì sí ẹni tó kọ oríkì náà sílẹ̀. Àwo kìíní jáde tán pátápátá, ó kún fún ijó àti ìnáwó. Àwo kejì dúró ní ìṣẹ́jú 31, níbi tí Ìyá àgbà ti dé orí bàbá tó kó ìdílé wa wá sí Àjàṣẹ́: ẹnu wọn là, ọwọ́ wọn nà sókè, ohùn kò jáde. Ẹ̀dà mẹ́rin ni ayàwòrán tà fún ìdílé. Méjì ti sọnù. Ẹ̀kẹrin wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Sakété. Wọ́n ní ó wà nínú àpò ọ̀rá ní ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, àwọn kò sì fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí ẹ̀rọ àwọn ti bàjẹ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni mò ń lọ, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan àti èyí tó gbó jù nínú ẹ̀rọ ìkàwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí òun ló sábà máa ń ka ohun tí àwọn yòókù bá kọ̀.