Orúnkún Mi Lórí Ẹní Júdò

Níbi àríyá wa tó kọjá, ó tó ẹni mẹ́ta tó bi mí léèrè ìdí tí mo fi jókòó gẹlẹtẹ nígbà tí gbogbo yín ń jó. Olóòtú ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè sinmi àlàyé. Ó dára. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó gbà mí ní ọdún kan ààbọ̀.

Àwa ọmọ oko mọ ìjàkadì. Lábúlé wa, bí òṣùpá bá ti yọ, orí yanrìn ni à ń jà á sí, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ni wọ́n dá. Nígbà tí mo dé ilẹ̀ Britain tí mo rí i pé ẹgbẹ́ júdò wà ní yunifásítì wa, mo sáré lọ fi orúkọ sílẹ̀. Mo rò pé ìjàkadì kan náà ni, aṣọ ló yàtọ̀. Àṣé nínú aṣọ náà gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: ẹni tó bá ti di ọrùn aṣọ rẹ mú ti di ìwọ alára mú.

Ní alẹ́ ọjọ́ Wẹ́sídé kan nínú oṣù November, èmi àti ọ̀gbẹ́ni kan tó wúwo jù mí lọ dáadáa jọ ń jà. Ó na ẹsẹ̀ sẹ́yìn ẹsẹ̀ mi láti dá mi sẹ́yìn. Dípò kí ó jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹ̀gbẹ́ orúnkún òsì mi ló jókòó lé. Mo gbọ́ “pọ́!” bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Mo dìde, mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò séwu. Ojú ló ń tì mí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, orúnkún náà ti wú tó orí ọmọ ọwọ́.

Ní ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ya fọ́tò eegun, wọ́n ní eegun kò ṣẹ́, kí n máa lọ sílé. Òótọ́ ni, eegun kò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n irú fọ́tò yẹn kì í fi iṣan tó já hàn, ẹni tó yẹ̀ mí wò kò sì di ojúgun mi mú kí ó fà á wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, orúnkún kò wú mọ́, kò dùn mí mọ́, ni mo bá padà sórí ẹní. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, n kò lè dì í ru ẹnikẹ́ni. Pé nǹkan kò dunni mọ́ kò wí pé ó ti san. Mo yí ara padà láti gbé ẹnìkan sọ. Ara yí, ẹsẹ̀ kò yí, orúnkún yẹ̀ lábẹ́ mi. Ẹnikẹ́ni kò tì mí.

Ẹ̀rọ MRI ló wá tú àṣírí. Iṣan kan wà láàárín orúnkún tí kì í jẹ́ kí eegun ojúgun yọ síwájú lábẹ́ eegun itan. ACL ni àwọn dókítà ń pè é. Tèmi ti já pátápátá. Ẹran líle tó wà bí ìrọ̀rí láàárín eegun méjèèjì náà ti ya, dókítà sì sọ pé ó jọ pé ìgbà tí mo padà lọ jà ni mo fà á ya.

Ìyá mi gbọ́, ó ní kí n wá sílé kíá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń to eegun, ó sì mọ̀ ọ́n: mo ti fojú rí apá tó ṣẹ́ tí ó fi ọparun dì, tó sì tò. (Mo tún ti rí ti ẹlòmíràn, kì í ṣe tirẹ̀, tí wọ́n dì le jù tí ẹ̀jẹ̀ kò fi dé ìka mọ́. Ọwọ́ náà lọ.) Wọ́n gbé fóònù fún bàbá náà.

“Ṣé eegun ló ṣẹ́ ni?”

“Rárá, Bàbá. Iṣan ló já, nínú orúnkún lọ́hùn-ún.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ọmọ mi, ohun tí ọwọ́ mi kò bá lè kàn, n kì í tò ó. Jẹ́ kí àwọn tibẹ̀ ṣe é.”

Ìyá mi bínú sí àwa méjèèjì.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà nínú oṣù May. Wọ́n mú nínú iṣan ẹ̀yìn itan mi, wọ́n fi rọ́pò èyí tó já. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, owó ìlera tí ẹ san pẹ̀lú físà, èyí tó di £776 lọ́dún fún akẹ́kọ̀ọ́ láti February 2024, kì í ṣe sàráà. Ẹ lò ó. Wọn kò gba kọ́bọ̀ mìíràn lọ́wọ́ mi fún iṣẹ́ abẹ. Sùúrù nìkan ni mo fi san ìyókù.

Mo rò pé iṣẹ́ abẹ ni ìwòsàn. Obìnrin tó ń ṣe físíò fún mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbé fún mi ni kí n na ẹsẹ̀ náà gbọọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n ki itan. Mo ki í títí, iṣan itan kò jẹ́ mi. Ẹ wo ọkùnrin tó ń gbé ènìyàn sọlẹ̀ tẹ́lẹ̀! Itan òsì ti joro débi pé ṣòkòtò ń mì lára rẹ̀. Mo ń fi téèpù wọ̀n ọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń kọ gbèsè. Lẹ́yìn ìyẹn, gígun kẹ̀kẹ́ tí kò lọ síbì kan. Lẹ́yìn ìyẹn, àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn ìyẹn, fífi ẹsẹ̀ kan fò. Wọ́n wọn ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún fò dé, wọ́n wọn ti òsì. Bí òsì kò bá tíì tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti ọ̀tún, kí n má tilẹ̀ dárúkọ júdò. Oṣù mẹ́sàn-án náà gbọ́dọ̀ pé, nítorí ewu àtijá pọ̀ fún ẹni tó bá yára padà.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa fẹ́ràn ìtàn Yamashita, ọmọ Japan, tí iṣan ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ ya lórí ẹní ní Los Angeles lọ́dún 1984, tó sì tún gba góòlù lọ́wọ́ Mohamed Rashwan ará Íjíbítì. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ó ti ṣe ẹlẹ́sẹ̀ kan ní jàǹbá, èmi náà sì wà nínú wọn. Òlíńpíìkì ni ọkùnrin yẹn ń jà fún, ó sì fẹ̀yìn tì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wẹ́sídé lásán ni tèmi.

Nígbà tí wọ́n gbà mí láàyè, ṣíṣubú ni mo kọ́kọ́ tún kọ́. Lẹ́yìn náà, wíwọlé síni lára láìgbé e sọ. Lẹ́yìn náà, gbígbé ẹni tó gbà kí n gbé òun. Ẹsẹ̀ ti ṣetán, ọkàn ni kò tíì ṣetán: bí ẹnikẹ́ni bá ti ń lọ sí ẹ̀yìn mi, ara mi á le gbagidi. Nínú oṣù kọkànlá, mo bẹ ọmọbìnrin kan tó mọ júdò jù mí lọ pé kí ó bá mi jà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ó má sì jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó dá mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Orúnkún kò sọ nǹkan kan.

Mo ń lọ báyìí ní gbogbo ọjọ́ Wẹ́sídé. Ìyá mi rò pé ilé ìkàwé ni mo máa ń wà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù mi, mo bẹ̀ yín.