Igi Tí A Rà fún Ọmọ Wa

Àwa la jẹ̀bi, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ ẹgbẹ́ baseball ní Houston níbí, igi tó gùn jù tó sì wúwo jù ní ṣọ́ọ̀bù la rà fún un. A rò pé igi ńlá ló ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà. A tún máa ń pariwo láti ẹ̀gbẹ́ pápá: "Fi agbára sí i, jàre!" Bọ́ọ̀lù á ti kọjá kí igi tó dé. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ní, "Mọ́mì, mi ò lọ mọ́. Mi ò lágbára tó."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá. Iṣẹ́ kóòdù là ń ṣe jẹun, torí náà a ya fídíò rẹ̀, a ń wò ó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá àṣìṣe nínú kóòdù. Apá nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ìbàdí dúró gbagidi. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ni ìyára ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ á tẹ ilẹ̀, ìbàdí á yí, àyà á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ló wá kan apá. Bí ọ̀kan bá ṣe ń dẹwọ́ ló ń gbé ìyára rẹ̀ fún èyí tó kàn. Tó bá ku díẹ̀ kí igi kan bọ́ọ̀lù, ọwọ́ gan-an á ti ń falẹ̀, orí igi ni yóò máa sáré. Ẹni tó bá ti jẹ kòbókò rí (àwa ti jẹ ẹ́!) mọ̀ pé ọwọ́ tíṣà kì í sáré tó ẹnu ẹgba.

Ti igi yẹn ló wá dùn wá jù. Ìwúwo nìkan kọ́ ló ń fà á sẹ́yìn, ibi tí ìwúwo ọ̀hún wà ni. Tí ìwúwo kan náà bá jìnnà sí ọwọ́ nílọ̀ọ́po méjì, wàhálà àtiyí i á di ìlọ́po mẹ́rin. Orí igi wa sì rí bí ọmọ odó. Lóòótọ́, igi tó wúwo dáa tí ìyára ò bá dín kù, àmọ́ ìyẹn di ti irú Giancarlo Stanton, tí igi rẹ̀ ń sáré ju máìlì 80 ní wákàtí kan lọ. Ọmọ wa kọ́.

A ní kó má di ìdí igi mú mọ́, kó gbé ọwọ́ sún mọ́ orí rẹ̀ bí íǹṣì méjì. (Owó igi tuntun ò tíì sí.)

Ní Sátidé, a panu mọ́. Bọ́ọ̀lù kẹta, ìbàdí yí. Gbàá! Bọ́ọ̀lù yà bàrà sẹ́yìn wáyà, kò mú àmì kankan wá. Ó wo ibi tá a jókòó sí, ó rẹ́rìn-ín, ó tún padà lọ dúró.