Obẹ̀ Àtẹ́ Tí Mo Tì Sẹ́yìn

  

Olóòtú ìwé wa ní kí àwa àgbà kọ ohun tí à ń jẹ lálẹ́ nílé wa, pàápàá ohun tí a fọwọ́ ara wa gbìn. Mo rò pé ìyá ilé ló yẹ kó kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mo bá gbé bírò àti ìwé fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ti alẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ ti àwo." Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ibẹ̀ náà ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 2022 ni, lásìkò òjò. Orí ń fọ́ mi láràárọ̀, mo ń sọ pé oòrùn oko ni. Nígbà tó di pé ojú ń ṣú mi bí mo bá dìde lórí ẹní Ifá, mo yọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kan. Nọ́ọ̀sì di nǹkan mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wò ó, ó tún fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní 178 lókè, 104 nísàlẹ̀. Ó bi mí pé, "Bàbá, ta ló bá yín wá?" Mo ní èmi nìkan ni. Dókítà fún mi lóògùn, ó ní kí n máa lò ó lójoojúmọ́, kí n sì dín iyọ̀ kù.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ bó ṣe rí. Babaláwo ni mí. Àwọn èèyàn ń ti Òkìtìpupa wá, wọ́n ń ti Oǹdó wá, àwọn mìíràn ń ti Èkó wá bá mi. Mo rò pé bí wọ́n bá gbọ́ pé èmi gan-an ń gbé oògùn òyìnbó mì láràárọ̀, wọ́n á ní kí ni mo wá ń tọ́jú. Mo bá fi páálí oògùn pamọ́ sẹ́yìn ọpọ́n Ifá, torí mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ibẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá rántí, mo lò ó. Ọjọ́ tí àlejò bá pọ̀, ó di ìgbàgbé. Iyọ̀ ńkọ́? Mi ò dín nǹkan kan kù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí wọ́n dín in kù láìsọ ìdí?

Ní ìdájí ọjọ́ kan, mo ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé mi jókòó tán, mo pe ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, mo sọ ọ́ sí i létí pé kó lọ mú páálí kékeré wá lẹ́yìn ọpọ́n. Ọmọ mú páálí náà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà kọjá.

Ìyá ilé ò bá mi jà. Ó dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó pẹ́, ẹ mọ̀ pé irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ le ju ariwo lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé oúnjẹ dé: pùpùrù gbígbóná àti ẹ̀fọ́ ẹ̀bòlò. Mo bu òkèlè kan, mo gbé e mì, mo dúró. Obẹ̀ tẹ́. Mo bu èkejì, bákan náà. Mo ti àwo sẹ́yìn lójú àwọn ọmọ. Mo ní, "Obẹ̀ àtẹ́ lo gbé fún mi? Ṣé èmi ni Òrìṣà Ńlá ni?"

Ó kúnlẹ̀, ó gbé àwo náà sún mọ́ mi padà. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá ń gbé àtẹ́ fún Òrìṣà, ẹ máa ń sọ fún wa pé oúnjẹ mímọ́ ni. Ṣé ohun tó tó Òrìṣà jẹ ni kò tó yín jẹ?"

Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀! Mi ò rí èsì fọ̀. Mo jẹun.

Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́, nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Ìjà Ọ̀rẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń fi ṣàwàdà yìí, ó bá mi láyé. Oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra gba ọ̀nà Benin wá débí, mo sì ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Inú oko kókò ní agbègbè Odigbo ni bàbá mi kó wa sá lọ. A ò gbé oúnjẹ dání. Ohun tó wà lóko la jẹ: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀gẹ́, kókò tí à ń sè, ẹ̀bòlò tó hù sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun. Iyọ̀ tán láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìyá mi ò sì rí ibi tó ti máa rà á. Ó ń fi irú tó kù nísàlẹ̀ igbá àti ata wẹ́wẹ́ ṣe obẹ̀ fún wa. Mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ ti àwo sẹ́yìn. Ẹ̀bòlò kan náà ni wọ́n tún gbé síwájú mi yìí, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gọ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ìyá ilé ṣe ń sè é, torí òun nìyẹn tó ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà pé ṣé mo ti débẹ̀. Ó ń já ọ̀mùnú ẹ̀bòlò, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń gé e, ó ń fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́ díẹ̀ kí òórùn ẹ̀ lè rọlẹ̀. Epo pupa díẹ̀ ló ń gbé kaná, kì í jẹ́ kó funfun. (Àdí kì í wọ ilé wa, ẹ̀yin náà mọ ìdí.) Irú ló kọ́kọ́ ń dà sí i, kó ta sánsán, kó tó da ata àti àlùbọ́sà tó lọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹja àrọ̀ tí wọ́n fi iná yan, èyí tí wọn ò fi iyọ̀ sí. Ó ń po ẹ̀gúsí, ó ń há a sí i. Ẹ̀bòlò ló ń kẹ́yìn, kì í sì í pẹ́ lórí iná. Bó bá sọ ọ́ kalẹ̀ tán, ó ń já ewé efinrin méjì mẹ́ta sí i. Àṣírí ọ̀hún ni irú, ata àti efinrin: ẹnu á máa wá nǹkan, á sì rí i. Irú nìkan la ń rà, torí igi igbá ò pọ̀ nínú igbó tiwa. Iyọ̀ tó ń fi síkòkò gbogbo ilé báyìí, ìka mẹ́ta ló fi ń mú un. Magí ti kúrò nídìí ààrò, torí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú òun náà, orúkọ ló yí padà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan péré. Kí n tó ṣubú, mo rò pé obẹ̀ alẹ́ nìkan ti ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ lára mi.

Ní ti pùpùrù, ẹ̀yin ará Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ni ọ̀gá wa, ẹ má bínú bí mo bá ṣì í sọ. Ẹ̀gẹ́ oko wa la ń rẹ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́rin títí á fi rọ̀. A ń yọ okùn inú ẹ̀, a ń fún omi ẹ̀ dànù, a ń mọ ọ́n róbótó, a ń tò ó sórí àjà ààrò kí iná àti èéfín gbẹ ẹ́. Bí a bá fẹ́ ẹ jẹ, a ó ha ẹ̀yìn dúdú ẹ̀ kúrò, a ó gún un, a ó kù ú, a ó rò ó bí àmàlà. Ọmọ tí kò bá fẹ́ràn òórùn èéfín ẹ̀, ẹ má fi ipá mú un, ebi á bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yìnkùlé wa ò tó nǹkan, ilẹ̀ náà ò tó ìdajì púlọ́ọ̀tì. Gbúre ń hù fúnra ẹ̀. A ní tẹ̀tẹ̀, tí í ṣe ewé Ifá tí í sì í ṣe ẹ̀fọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni à ń já a fún iṣẹ́ méjèèjì. Ewúro wà lára ọgbà. Yánrin ò wọ́n lọ́dọ̀ wa torí ọlọ́ṣun ni ìyá ilé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́rin wà níbi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn gbà. Nítorí náà, alẹ́ tí ẹ̀bòlò ò bá sí, a lè se ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, kí á da gbúre lé e lórí pẹ̀lú epo díẹ̀. A lè jẹ kókò pẹ̀lú ewúro, ṣùgbọ́n ẹ se kókò náà jinná dáadáa o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀fun á máa yún yín mọ́jú. Ilá náà wà, tó ń bo àbùkù obẹ̀ tí iyọ̀ ẹ̀ kéré.

Ọmọ ọmọ mi yẹn, Indomie ló máa ń bèèrè lálaalẹ́ tẹ́lẹ̀. A fún un ní ebè mẹ́fà tirẹ̀. Ó gbin ilá. Ó ṣì ń bèèrè Indomie, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ alẹ́ tí ilá ẹ̀ bá wà níkòkò, òun ló ń pín in fún gbogbo ilé, ó sì ń wo ojú olúkúlùkù bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ahọ́n mi fi bá mi jà. Lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ síbi ìnáwó kan, mo tọ́ obẹ̀ wọn wò, mo sì ń wá omi. Ahọ́n mi ló ti yí padà. Ẹnìkan tó ti gbé ní Bùràsíìlì sọ fún mi pé àwọn ènìyàn wa ní Bahia náà kì í fi iyọ̀ sí àgbàdo funfun tí wọ́n ń sè fún Òrìṣà Ńlá, tí wọ́n ń pè ní Oxalá lọ́hùn-ún. Wọ́n kó àwọn baba wọn lẹ́rú gba orí òkun lọ, wọn ò sì gbàgbé àtẹ́. Èmi tó wà nílé ni mo ń ti àwo.

Oògùn ti kúrò lẹ́yìn ọpọ́n. Orí tábìlì ló wà, mo sì ń lò ó lójú àlejò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí obẹ̀ àtẹ́ da oògùn dókítà nù o, ẹ̀fọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, 138 lókè, 86 nísàlẹ̀ ni wọ́n kà fún mi. Ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú awo kò yẹ tirẹ̀ wò rí. Ọ̀sán ọjọ́ kan, apá ọ̀tún ẹ̀ kò gbé mọ́. Ọwọ́ òsì ló fi ń ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ báyìí. Láti ìgbà náà, bí ẹni tí orí ń fọ́ bá wá bá mi, mo ń dá Ifá fún un, mo ń sọ ẹbọ tó jáde, lẹ́yìn náà mo ń bi í pé, "Kí lẹ jẹ lálẹ́ àná?" Mo tún ń bi í pé ìgbà wo ni wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Mo ń na ọwọ́ sí páálí tó wà lórí tábìlì.

Ohun kan ló kù tó ń dùn mí. Wọ́n ní òdú kì í ṣe àìmọ̀ f'ólóko, ṣùgbọ́n ó ti ń di àìmọ̀ fún àwọn ọmọ wa níbí. Oògùn tó ń pa koríko tí à ń fín sí oko kókò ló ń pa á, ẹ̀bòlò ló sì ń bá a kú. Èmi náà fín in rí, mi ò lè di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn nìkan. Ọdún yìí, a fi àyè kan sílẹ̀ lóko tí a ò fín nǹkan kan sí. Ẹ̀bòlò ti yọjú, òdú ò tíì yọ. Ẹni tó bá ní irúgbìn òdú nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ẹ̀kúnwọ́ kan sínú bébà, kẹ́ ẹ fi lé olóòtú lọ́wọ́ nígbà ìpàdé wa tó ń bọ̀. Ìyá ilé ní òun á fi kùùkù pùpùrù márùn-ún ránṣẹ́ padà sí onítọ̀hún.