Yàrá Kan Ṣoṣo Tó Móoru ní Kayseri

Ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ju ọyẹ́ lọ a máa rò pé òun mọ òtútù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ kí n tó dé Kayseri, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Tọ́kì, níbi tí òkè Erciyes, tí gíga rẹ̀ tó 3,917 mítà, ti ń wo ìlú bí àgbàlagbà tó da aṣọ funfun bora.

Ní alẹ́ Sátidé kan nínú oṣù kìíní, mo lọ sí ilé ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́. Ìgbà kẹta mi nìyẹn. Ní ìgbà méjì àkọ́kọ́, inú yàrá àlejò, tí wọ́n ń pè ní salon, ni wọ́n fi mí sí: àga tó ń dán, ife tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kì í fọwọ́ kàn, àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fún mi ní sálúbàtà, ìyá ọ̀rẹ́ mi sì kọjá níwájú salon láìyà síbẹ̀. Ilẹ̀kùn mìíràn ló ṣí. Ooru gbá mi lójú, ariwo sì tẹ̀ lé e.

Ní irú ilé mẹ̀kúnnù bẹ́ẹ̀, sítóòfù onírin kan tó ń jẹ èédú, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ soba, ni wọ́n fi ń bá òtútù jà. Yàrá kan ṣoṣo ni agbára rẹ̀ ká. Nítorí náà, gbogbo ilé ló kóra jọ síbẹ̀. Ìyá àgbà ń hun ìbọ̀sẹ̀. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún méje kan na gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìkókó kan ń sùn láàárín ariwo náà bí ẹni pé orin ni. Eré orí tẹlifíṣọ̀n sì ń lọ. Apá kan ṣoṣo nínú irú eré wọn bẹ́ẹ̀ lè gùn ju wákàtí méjì lọ. Kò sí ẹni tó ń wò ó, kò sì sí ẹni tó gbà kí a pa á.

Mo ti kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà kí n tó rántí pé ọwọ́ àgbà ni wọ́n ń fẹnu kò níbẹ̀, tí wọn a sì gbé e kan iwájú orí. Mo ṣe méjèèjì. Inú rẹ̀ dùn.

Wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀, a jókòó yí i ká. Mantı ni a jẹ, oúnjẹ tí Kayseri fi ń yangàn. Wọn a po ìyẹ̀fun àlìkámà, wọn a tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọn a gé e wẹ́wẹ́, wọn a fi ẹran lílọ̀ bíńtín sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dì í. Bí ó bá jinná, yúgọ́ọ̀tì aláàyù àti bọ́tà gbígbóná ni wọ́n ń dà lé e. Wọ́n ní bí obìnrin bá mọ̀ ọ́n dì, ogójì gbọ́dọ̀ gbà nínú ṣíbí kan. Mo ka tèmi: mẹ́tàlá ni. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Tíì ni a ń mu lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ti ń dún bẹ́ẹ̀, tí n kò gbé e. Màmá mi ni. Mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò èdè Tọ́kì tí a gbọ́dọ̀ yege kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ gan-an. Ọdún kan gbáko ni n óò tún lò. Owó ilẹ̀ tí Màmá tà ni mo fi dé ìlú yẹn.

Kí n tó na ọwọ́, ọmọ ọdún méje náà ti rí àwòrán obìnrin onígèlè, ó sì ti tẹ̀ ẹ́. “Anne!” ló kígbe, ìyẹn “Ìyá!” Ó gbé fóònù fún ìyá àgbà.

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Tọ́kì. Màmá mi ń fi Yorùbá dá a lóhùn: “Ẹ ṣeun, mà. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ o. Ṣé ó ń jẹun?” Ìyá àgbà fà mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó yí fóònù sí mi. “Zayıf,” ni ó wí. Ó rù. Kò tíì pa ẹnu dé tí Màmá fi kígbe láti òdìkejì: “Ó mà ti rù o!”

Wọ́n gbé fóònù fún mi. “Kí ló dé tí o kò gbé ìpè mi?”

Ǹ bá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n òtútù ń bẹ níbẹ̀. Ìkókó ti jí, ó ń ké. Ìbọn ń dún lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ àfi èmi. Mo sọ ọ́ láàárín ariwo náà: “Màámi, mo fìdí rẹmi.”

Ó dákẹ́. N kò mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

“Ìyá tó gbé fóònù yẹn, ṣé òun ló ń fún ọ lóúnjẹ?”

“Lálẹ́ òní, bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ọdún kan ni, àbí?”

“Ọdún kan ni, mà.”

“Ó dáa. Máa gbé fóònù rẹ.”

Kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan. Ìyá àgbà wo ojú mi, ó bó ọsàn kan, ó fi í sí mi lọ́wọ́, ó sì kó èèpo rẹ̀ sórí soba kí òórùn rẹ̀ lè gba yàrá. Ẹni tó bá mu tíì yó níbẹ̀ a máa fi ṣíbí kékeré dábùú ẹnu ife. Mo fi tèmi dábùú. Ó gbé ṣíbí náà kúrò, ó sì bu òmíràn fún mi.