Awọ Tuntun Lórí Wáyà Tó Já

Àpá kan wà lẹ́yìn itan ọ̀tún ìyá mi. Kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo fà á. Iṣẹ́ tí mo fi ń yangàn ló bí i.

Chicago ni mò ń gbé, iṣẹ́ òru ni mo sì ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ẹni tí kò bá tíì jáde níbi iṣẹ́ láago méje àárọ̀ nínú oṣù Kìíní ní ìlú yìí, kò lè mọ oore tí àga tó ń gbóná ń ṣe fún ènìyàn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019, òtútù wálẹ̀ dé ìwọ̀n 23 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Awọ àga ọkọ̀ mi le bíi pákó. Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kò pẹ́ tí ooru fi bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹ̀yìn mi bọ̀, omi sì bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn jíìpù Toyota ti ọdún 2006 yẹn bí ẹni fẹ́ràn ará ilé.

Àmọ́ awọ rẹ̀ ti gbó. Etí òsì àga awakọ̀, níbi tí ìdí mi ń họ nígbàkigbà tí mo bá ń wọlé tàbí tí mo bá ń jáde, ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó ń tún àga ọkọ̀ ṣe bù ú lé mi ju ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ fún àga méjèèjì iwájú. Mi ò ní in. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpara pa á. Ọdún méjì gbáko! Mo ra ti inú ike, mo ra ti inú agolo, mo tilẹ̀ fi òrí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Ṣakí pa á lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò wọlé. Orí awọ ló dúró sí, tó ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, tó ń kó eruku jọ.

Ìyá mi ló là mí lójú nígbà tí wọ́n wá kí wa. Ọmọ oníṣẹ́ awọ ni wọ́n, ní Ọ̀yọ́, ìdí tìmùtìmù tí bàbá wọn ń rán ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n fi èékánná họ etí àga náà, wọ́n wo ohun tó há sí èékánná ọ̀hún.

“Àjàní, ọ̀dà lo ń fi òrí pa. Awọ ò tíì mọ̀ pé o dé.”

Òótọ́ ni. Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi poroporo ọkà bàbà pa láró pupa, inú awọ ni àwọ̀ náà ń wọ̀. Ti ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń kun ojú awọ màlúù ni, wọn a tún fi ìbora mìíràn tó mọ́ gaara bo ọ̀dà náà, kí omi àti ìdọ̀tí má bàa ráyè. Ìpele òkè yìí ló kọ́kọ́ ń sán kí awọ fúnra rẹ̀ tó sán. Ìyá mi tún fọwọ́ kan ẹ̀yìn àga, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe awọ rárá, rẹ́síìnì ni. Mo wádìí, bẹ́ẹ̀ náà ló rí: ibi tí ara ń fi kàn án nìkan ni wọ́n fi awọ ṣe.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi. Mo fi ọṣẹ awọ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ títí aṣọ tí mo fi ń nù ún kò fi dọ̀tí mọ́. Mo fi sípíríìtì pa gbogbo ọ̀rá ọdún méjì rẹ́, nítorí ọ̀dà kì í di ojú ọlọ́ràá mú. Mo fi sáńpépà 600 ra á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, mo di àwọn ojú tó sán, mo tún un ra. Àwọ̀ ni mo kọ́kọ́ dán wò lábẹ́ àga, níbi tí ojú kò tó. Lẹ́yìn náà ni mo fi kànìnkànìn kun ún, ìpele mẹ́fà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì ń fi ẹ̀rọ tí ìyàwó mi fi ń gbẹ irun fẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí a bá kun ún nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò tún sán láìpẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ó dára! Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bi mí pé ọkọ̀ tuntun wo lo rà.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà, kí ọwọ́ mi lè tó inú lọ́hùn-ún àga awakọ̀, orí àga kejì ni mo kúnlẹ̀ sí. Eékún méjèèjì, pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n ara mi, lórí ibi kan náà, fún wákàtí púpọ̀. Ìwé ọkọ̀ wí pé ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti kà á rí.

Lọ́sẹ̀ kejì, a ń lọ síbi ìkómọ ní Indianapolis, ìrìn wákàtí mẹ́ta. Ìyá mi jókòó sí àga kejì. Rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n rí, ara ọ̀tún wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìgbóná mọ́. Mo gbé ooru sí òkè pátápátá kí ara lè tù wọ́n. A ò tíì lọ jìnnà tí wọ́n fi ní, “Àjàní, awọ ń jóná.” Mo ní, “Rárá, Màmá, òórùn ọ̀dà tuntun ni.” Wọ́n dákẹ́. Ọmọ oníṣẹ́ awọ sọ fún mi pé awọ ń jóná, mo sì dá a lóhùn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìyàwó mi rí ẹ̀yìn itan wọn nígbà tó ń bá wọn pààrọ̀ aṣọ. Ó ti bó.

Nígbà tí mo tú àga náà ni mo tó mọ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, tí okùn wẹ́wẹ́ lọ́pọ̀lọ́pọ̀ para pọ̀ di, ló lọ tó bọ̀ nínú aṣọ kan lórí fóòmù. Eékún mi ti já púpọ̀ nínú àwọn okùn náà lójú kan. Ká ní gbogbo rẹ̀ ló já, àga náà ì bá kàn tutù. Èyí tó kù ni gbogbo iná wá ń gbà kọjá, ló fi ń gbóná ju ibi yòókù lọ. Fíúsì kò já, nítorí iná tó ń wọlé kò pọ̀ sí i. Ohun tó ń díwọ̀n ooru wà lápá ibòmíràn, kò sì mọ nǹkan kan. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n: bí mo bá ti fọwọ́ tẹ ojú ibẹ̀, nọ́ńbà á fò sókè, á tún já wálẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìwọ̀n yẹn gbà. Ǹ bá ti ṣe é kí n tó fọwọ́ kan ọ̀dà.

Ẹni tó bá fẹ́ tú àga ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà dúdú orí bátìrì, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Pulọ́ọ̀gì yẹ́lò tó wà lábẹ́ àga, ti àpò afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde nígbà ìjàǹbá ni. Bí àpò náà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ojú ìrán ibẹ̀ ló ń gbà jáde, ẹ má fi gọ́ọ̀mù tàbí òwú líle dí i.

Mi ò so wáyà tó já náà pọ̀. Odidi tuntun ni mo rà, mo sì tẹ́ ẹ láìsí ìwúnjọ kankan. Òrùka wáyà kéékèèké tó so awọ mọ́ fóòmù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fi ẹ̀mú fún un padà. Mo wá jókòó lórí rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko nínú ọgbà wa, ooru wà lókè pátápátá, mo gbé ọwọ́ sábẹ́ itan mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá mi ń padà sílé, yìnyín ń bọ́. Mo ti tan àga náà sílẹ̀ dè wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ òsì, èyí tó ṣì mọ nǹkan, ra ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n ní iṣẹ́ náà dára, pé bàbá àwọn ì bá yìn ín. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Bá mi pa á, Àjàní.”

Mo pa á. Mo pa tèmi náà, a sì wakọ̀ lọ sí O'Hare.