Ohun Tí Ń Bẹ Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n n kò mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó títí di ọjọ́ tí ìyá àgbà mi ní kí n ka lẹ́tà kan fún àwọn.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó sítáǹpù jọ. Ilé ìyá àgbà ní Iléṣà ni mo ti rí èyí tó pọ̀ jù, nínú agolo bisikíìtì kan tí ó wà lábẹ́ ibùsùn wọn. Lẹ́tà òfurufú aláwọ̀ búlúù kan wà nínú rẹ̀, tí bàbá àgbà kọ láti Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962, nígbà tí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀. Orí Ọbabìnrin Elizabeth wà ní igun rẹ̀, pẹ̀lú iye owó rẹ̀, kọ́bọ̀ mẹ́fà ayé ìgbà náà, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní sísì. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé e, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ìkọ̀wé mi. Inú mi dùn jọjọ.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí n ṣe àlàyé díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo sítáǹpù ni à ń lẹ̀. Àwọn ìwé kan wà tí ìjọba ti tẹ sítáǹpù mọ́ lára: káàdì, àpò lẹ́tà, àpò ríjísítà tí a fa ìlà búlúù dábùú ara wọn lé lórí, àti lẹ́tà òfurufú. Ọdún 1840 tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú sítáǹpù àkọ́kọ́ jáde náà ni wọ́n mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde, tí William Mulready ya àwòrán sí. Àwọn ènìyàn fi àwòrán náà ṣe yẹ̀yẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi kó o kúrò lọ́jà. Ní ọdún 1869 ni káàdì bẹ̀rẹ̀ ní Austria-Hungary. Ní ti lẹ́tà òfurufú, ọdún 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, nítorí pé ó fúyẹ́ láti fi ọkọ̀ òfurufú gbé. Ewé kan ṣoṣo ni. Inú rẹ̀ ni à ń kọ̀wé sí. Bí a bá ká a tán tí a lẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ a di àpò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní ọdún tó kọjá, owó ilé-ìwé há mi lọ́rùn. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá àgbà, mo kó ohun tó wà nínú agolo lọ bá bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, tó sì ń kó irú nǹkan báyìí jọ. Bàbá yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ́ mi ní ohun mẹ́rin. Èkíní, kí ìwé náà pé. Ẹni tó gé sítáǹpù kúrò lára rẹ̀ ti pa á. Èkejì, kí ikán, ọ̀rinrin tàbí ìpata má ti bà á jẹ́. Ẹ̀kẹta, kí òǹtẹ̀ hàn, kí a lè ka ìlú àti ọjọ́. Òǹtẹ̀ ìlú kékeré tí lẹ́tà kì í ti í pọ̀ sábà máa ń níye lórí ju ti ìlú ńlá lọ. Ẹ̀kẹrin, kí ó jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan, kì í ṣe pé olùkójọ kan ló ní kí wọ́n kàn lu òǹtẹ̀ sí i.

Nígbà tí wọ́n kan lẹ́tà bàbá àgbà, wọ́n mí kanlẹ̀. "Ta ló ṣe èyí?" Mo dorí kodò. Wọ́n ní ti owó kọ́, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. "Ṣùgbọ́n yí i padà." Mo yí i padà. Ihò náà ti gba àárín ọ̀rọ̀ kọjá. Ìlà mẹ́ta ni kò pé mọ́.

Nígbà tí mo padà sí Iléṣà, ìyá àgbà ní kí n ka lẹ́tà náà fún àwọn. Mo kà á títí mo fi kan ihò, mo sì dákẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ní mo ti wá èyí tí mo gé rí, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ti mú un. Bí mo bá sì rì í bọ omi, yíǹkì yóò ṣàn.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Àjàní, dìde. Ọmọ ilé-ìwé kan ló kà á fún mi lọ́jọ́ tó dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kó kà á. O rò pé mo lè gbàgbé?" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni. Mo fi ìka tọ ìlà lórí ìwé. Wọn kò fo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí wọ́n dé ibi ihò, wọ́n dákẹ́. Mo ń retí. Wọ́n ní, "Èyí tí o gé yẹn, èmi nìkan ló ni ín." Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ihò títí dé orúkọ bàbá àgbà.

Nínú ẹ̀kọ́ wa nípa àrokò, a gbọ́ pé bí ẹnìkan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ohun tí ó ń wí ni pé ọkàn òun fà sí ẹni náà. Bí ọmọ tí a rán bá yọ ẹyọ kan, kì í ṣe owó ẹyọ kan ló sọnù. Iṣẹ́ tí a rán an ni ó sọnù. Sísì ni mo rò pé mo gé. N kò mọ ohun tí ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, n kò sì ní í mọ̀ ọ́n láéláé.

Àpò ríjísítà méjì ti ìgbà Ọba George Kẹfà, tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí, ni ìyá gbà kí n tà, ó sì gbé mi dé ibì kan. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ yẹ agolo àwọn ìyá yín wò. Ẹ má gé ohunkóhun. Kí ẹ tó bèèrè iye tí ó tó, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ó wí, nígbà tí ẹni tí a kọ ọ́ sí ṣì wà láyé láti dáhùn.