Nígbà tí Bàbá Dúdú Ṣì Jìnnà

Kúkù òyìnbó ni bàbá mi ní GRA Ìkẹjà, bọ́ìskọ́tà ẹ̀yìn ilé òyìnbó náà la sì gbé dàgbà, láwọn ọdún 1960. Igi máńgòrò àti igi fúrúùtù pọ̀ lágbègbè náà nígbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ fúrúùtù á sọ òkò, á gun igi, á tún sá fún ọlọ́gbà. Kó tó rí méjì mú délé, òógùn ti bò ó.

Ìpápánu wa, bàbá dúdú àti gúrúndì, ńkọ́? Ó di ọjà Ìpodò, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ Computer Village. Inú ìgò onídèrí ni ìyá tó ń tà á ń kó o sí. Bó bá ti gba kọ́bọ̀ wa, á ka bàbá dúdú sínú ìwé pélébé, á lọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹsẹ̀ la fi ń lọ, ẹsẹ̀ la fi ń bọ̀. Ká tó padà délé, ó ti tán lẹ́nu, ebi ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ ló kù.

Ẹ má rò pé a mọ̀wọ̀n ara wa. Ṣúgà òyìnbó, a jí i lá. Ọ̀nà tó jìn àti owó tó wọ́n ló gbà wá lọ́wọ́ ìsanrajù. Ebi sì ń pa ọmọ ẹlòmíràn gan-an láyé ìgbà náà, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń fi ọmọ tó sanra yangàn, pé ó ń jẹ owó. Àwa àgbà kò tíì jáwọ́ níbẹ̀.

Indomie dé Nàìjíríà ní 1988, KFC ní 2009, Domino's ní 2012. Ọmọ ọmọ mi ń gbé GRA kan náà. Mọ́tò ló ń gbé e lọ síléèwé, mọ́tò ló ń gbé e bọ̀. Lálẹ́, á tẹ fóònù; ọlọ́kadà á gbé páálí oúnjẹ dé ẹnu géètì, mègádì á gbà á wọlé, ọmọ kò tíì dìde lórí àga. Mínírà ti di bárakú fún un. Bí a bá ní kò sí lónìí, a ò ní sùn. Ẹ wo ìpápánu ìgbà tiwa: àgbálùmọ̀ ládùn, kò lóróró. Ẹ̀pà lóróró, adùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Inú páálí yẹn ni ṣúgà, iyọ̀ àti òróró ti pàdé, ahọ́n ọmọ kò sì mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní, láàárín àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 lágbàáyé, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ló sanra jù ní 1990. Nígbà tó di 2022, ó ti di ìdá 20. Ní 2021, ìjọba wa fi owó orí náírà 10 sórí lítà mínírà kan. Náírà 10! Kò ra píọ̀ wọ́tà.

Mo ní kí ọmọ náà máa rìn dé ìkángun àdúgbò nírọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ ní ọlọ́kadà ń sáré, gbọ́mọgbọ́mọ sì wà níta, ta ló máa tẹ̀ lé e? Mo ní èmi ni. Orúnkún ń dùn mí, a ó rọra máa lọ.